Adìẹ, ajá àti ọjọ́ ogbó: Ohun tó yẹ kí ilé àgbà ti ṣe kí ọyẹ́ tó dé

Ní ọ̀pọ̀ agbolé ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, láti Jos dé Tamale, láti Parakou dé Bobo-Dioulasso, ohun kan náà ló sábà máa ń ṣẹ́ kù sílé nígbà tí àwọn ọmọ bá ti fọ́n ká sí ìlú ńlá: bàbá tàbí ìyá tó ti fẹ̀yìntì, adìẹ mélòó kan tó ń fẹsẹ̀ họ ilẹ̀, àti ajá kan tó nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn ọmọ tó bá wá kí wọn lọ́dún a máa rò pé eré ọwọ́ àgbà ni. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tí agbára iṣẹ́ ti ń dín kù lára rẹ̀, adìẹ ni owó tó wà nítòsí, ajá ni etí tó ń gbọ́ ohun tí etí tirẹ̀ kò gbọ́ mọ́, ìtọ́jú àwọn méjèèjì sì ni iṣẹ́ tó ń gbé e dìde lórí ibùsùn láàárọ̀.

Ṣùgbọ́n àrùn méjì ló ń sọ ìtura yìí di ẹkún. Èkíní a máa gbá odindi àgò adìẹ lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èkejì, ìyẹn dìgbòlugi, ń ti ẹnu ajá wọ ara ọmọ ènìyàn, ikú ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Kò sí oògùn tó ń wo èyíkéyìí nínú méjèèjì lẹ́yìn tó bá ti fara hàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí kò ní àjẹsára nínú wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn: ohun tí ilé bá ṣe ṣáájú ni yóò là á.

Kí ni adìẹ ilé ń ṣe fún àgbà?

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹ̀yìntì ní ẹni ọdún 60 tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni ọdún 60 náà ni ti Ghana. Àmọ́ àgbẹ̀, oníṣòwò kékeré àti oníṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ jù ní ẹkùn yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní owó ìfẹ̀yìntì kankan tí wọ́n ń retí.

Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, adìẹ ni àpò ìfowópamọ́ tó rọrùn jù lọ láti ṣí. Ènìyàn kì í ta màlúù nítorí oògùn ibà. Ewúrẹ́ pàápàá, bí ènìyàn bá tà á tán, ó di ìgbà pípẹ́ kí òmíràn tó dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àkùkọ kan lè ra oògùn, ó lè san owó ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn, ó sì lè gba àgbà lọ́wọ́ ìtìjú nígbà tí àlejò pàtàkì bá yọ lójijì.

Ẹyin náà kì í ṣe ohun kékeré. Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga ni iṣan ara ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, tí agbára ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ń dín kù. Èròjà purotéènì nínú oúnjẹ wà lára ohun tó ń dènà rẹ̀. Ẹyin kan tó tóbi díẹ̀ ní nǹkan bíi gíráàmù 6 purotéènì, ó rọ̀ fún ẹni tí eyín ti ká lẹ́nu rẹ̀, kò sì gba wàhálà láti sè.

Ìṣirò adìẹ ìbílẹ̀ tún wà níbẹ̀. Àgbébọ̀ kan sábà máa ń yé ẹyin 10 sí 15 kí ó tó sàba. Ọjọ́ 21 ló ń lò lórí wọn. Tó bá tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ tán, á tún bẹ̀rẹ̀, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Ká ní àgbébọ̀ mẹ́ta wà nílé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan pa ọmọ 10 nígbà kọ̀ọ̀kan, òròmọdìẹ 90 ni ìyẹn láàárín ọdún kan.

Síbẹ̀, agbolé tí ó ń rí adìẹ 90 kó jọ lọ́dún kò pọ̀. Níbi tí wọn kò bá ti tọ́jú wọn, ó wọ́pọ̀ kí ó lé ní ìdajì òròmọdìẹ tó ń kú kí wọ́n tó pé oṣù méjì. Àṣá ń gbé, òjò ń pa, òtútù ń mú, ọkọ̀ ń tẹ̀, àrùn sì ń gbá èyí tó kù.

Ibí yìí ni àgbà ti ní ohun tí ọ̀dọ́ kò ní. Ẹni tó bá ń jáde lọ sọ́jà ní kùtùkùtù kò lè ṣọ́ òròmọdìẹ. Ẹni tó jókòó sábẹ́ igi ní iwájú ilé lè ṣọ́ ọ. Bí ó bá da agbọ̀n bo ìyá adìẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́, tí ó gbé omi mímọ́ àti oúnjẹ sí wọn, tí ó sì ń kó wọn sínú àgò ní àṣálẹ́, iye tí yóò dàgbà lè ju ìlọ́po méjì lọ. Kò gba owó púpọ̀. Ojú tó ń wò àti sùúrù ló gbà.

Ikán, awó àti adìẹ tí kẹ̀kẹ́ ń gbé

Ní Burkina Faso àti àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń sọ èdè Faransé yíká rẹ̀, adìẹ ìbílẹ̀ ní orúkọ ìnagijẹ kan, «poulet bicyclette», ìyẹn adìẹ kẹ̀kẹ́. Àwọn kan ní nítorí pé àwọn oníṣòwò máa ń so ó rọ̀ mọ́ ara kẹ̀kẹ́ wọn, ní dídi-ìdì, lọ sọ́jà ìlú ńlá. Àwọn mìíràn ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn, tí kò sì sinmi, ló jọ ti ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹran rẹ̀ le, ó dùn, owó rẹ̀ sì sábà máa ń ga ju ti adìẹ òyìnbó lọ.

Oúnjẹ òròmọdìẹ ní àgbègbè náà, àti ní àríwá Ghana, Togo àti Benin, kò gbọ́dọ̀ ti ilé ìtajà wá kí ó tó dára. Ikán ni wọ́n ń lò. Wọ́n á kó pòròpórò ọkà bàbà àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sínú ìkòkò tàbí akèrègbè, wọ́n á bu omi díẹ̀ sí i, wọ́n á sì dojú rẹ̀ dé ihò ikán ní ìrọ̀lẹ́. Títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, ikán ti kún inú rẹ̀. Kí oòrùn tó mú ni wọ́n ń gbé e wálé, tí wọ́n sì ń gbọ̀n ọ́n sílẹ̀ fún òròmọdìẹ. Iṣẹ́ yìí kò nira fún àgbà tó bá ṣì lè rìn dé ẹ̀yìn ilé, àwọn ọmọdé sì ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Awó, tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹtù, tún ṣe pàtàkì níbẹ̀. Láàárín àwọn Kasena àti Nankana ní àríwá Ghana, awó wà lára ohun tí ìdílé ọkọ ń gbé tọ àwọn òbí ìyàwó lọ. Ṣùgbọ́n awó kì í ṣe ìyá tó mọ ọmọ tọ́. Ó lè kó àwọn ọmọ rẹ̀ gba inú ìrì koríko lọ títí òtútù yóò fi pa wọ́n. Nítorí náà ni àwọn ìyá àgbà ṣe ń kó ẹyin awó sábẹ́ adìẹ. Adìẹ á sàba lé e fún ọjọ́ 26 sí 28 dípò 21, á sì tọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni pé tirẹ̀ ni.

Àrùn wo ló ń pa adìẹ lásìkò ọyẹ́?

Àwọn Yorùbá a máa pe àjàkálẹ̀ àrùn tó ń pa adìẹ lójijì ní lùkúlùkú. Èyí tó burú jù lọ nínú irú àrùn bẹ́ẹ̀ fún adìẹ agbolé ni èyí tí àwọn oníṣègùn ẹranko ń pè ní Newcastle. Orúkọ ìlú kan ní England, Newcastle upon Tyne, ni wọ́n fi sọ ọ́, nítorí pé ibẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní ọdún 1926. Ní Nàìjíríà, àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa rẹ̀ wá láti agbègbè Ìbàdàn, láàárín òpin ọdún 1952 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1953. Àsìkò ọyẹ́ gan-an nìyẹn.

Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Adìẹ tó bá mú á dákẹ́ jẹ́ẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ á wú, á máa mí pẹ̀lú ẹnu yíyà, á sì máa yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà ni ọrùn rẹ̀ lè lọ́ tàbí kí ẹsẹ̀ àti apá rẹ̀ rọ. Níbi tí wọn kò bá ti fún adìẹ kankan ní àjẹsára, ó lè pa mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tàbí kí ó pa gbogbo wọn.

Ìdí tí ó fi ń le lásìkò ọyẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Eruku àti òtútù òru ń dín agbára ara adìẹ kù. Oúnjẹ inú igbó ń dín kù, adìẹ sì ń rìn jìnnà láti wá a. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, oṣù Kejìlá ni adìẹ ń ti ìlú kan dé ìlú kejì fún ọdún Kérésìmesì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Adìẹ tí wọ́n rà lọ́jà lánàá lè gbé àrùn wọ agbolé lónìí. Ẹni tó bá sì rí i pé adìẹ òun ti ń ṣàìsàn a máa sáré kó èyí tó kù lọ tà kó tó kú, bẹ́ẹ̀ ni àrùn á ṣe bá wọn wọ agbọ̀n dé ilé ẹlòmíràn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo kápúsù tí àwọn ènìyàn ń gbé mì, wọ́n á tú u sínú omi adìẹ. Kò lè ran Newcastle lọ́wọ́, nítorí pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Owó lásán ló bá a lọ.

Ẹ̀kán oògùn kan sí ojú

Fún ọdún pípẹ́, ìṣòro àjẹsára Newcastle ni pé inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ máa wà, iná mànàmáná kò sì sí ní ọ̀pọ̀ abúlé. Àwọn onímọ̀ ní Australia ló wá ṣe irú kan tí wọ́n pè ní I-2, tí ooru kì í tètè bà jẹ́. Ó lè wà níta fíríìjì fún àkókò díẹ̀ bí wọ́n bá gbé e síbi tó tutù, tí oòrùn kò dé. Ilé Iṣẹ́ Ìwádìí Ìṣègùn Ẹranko ti Nàìjíríà tó wà ní Vom, lẹ́bàá Jos ní Ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, wà lára àwọn tó ń pèsè rẹ̀.

Lílò rẹ̀ kò le. Ẹ̀kán kan ṣoṣo sí ojú kan ti tó, ìbáà jẹ́ òròmọdìẹ tàbí àkùkọ ńlá. Ẹnì kan á di adìẹ mú, ẹlòmíràn á kán oògùn, wọ́n á dúró títí yóò fi ṣẹ́jú. Oṣù mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń tún un ṣe, nítorí pé agbára rẹ̀ ń rẹ̀yìn, àwọn òròmọdìẹ tuntun sì ti dé. Adìẹ tó ti ń ṣàìsàn kò ní rí àǹfààní kankan nínú rẹ̀. Ó sì gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí agbára rẹ̀ tó múlẹ̀ lára adìẹ tí ara rẹ̀ dá, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró de ìgbà tí adìẹ aládùúgbò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ohun kan ló ń dí àgbà lọ́wọ́: ìgò oògùn kan sábà máa ń ju iye adìẹ ilé kan ṣoṣo lọ, kò sì ṣe é fi pamọ́ pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i. Ẹni tó ní adìẹ mẹ́wàá á wò ó pé òun ń fi owó ṣòfò. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ilé mẹ́wàá dá owó jọ, kí wọ́n dá ọjọ́ kan, kí wọ́n sì ké sí oníṣègùn ẹranko lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún sàn bẹ́ẹ̀ fún adìẹ, torí pé adìẹ kì í mọ ààlà agbolé. Bí ilé kan bá ṣe é, tí ilé kejì kò ṣe é, àrùn ṣì wà ládùúgbò.

Bí ikú bá dé láìka gbogbo èyí sí, kò yẹ kí wọ́n pa adìẹ tó ń ṣàìsàn jẹ, kí wọ́n tà á, tàbí kí wọ́n ju òkú rẹ̀ sí ajá. Jíjìn ni kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n sì sin ín. Ó tún yẹ kí wọ́n fi tó oníṣègùn ẹranko ìjọba létí, nítorí pé ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín Newcastle àti àrùn lùkúlùkú mìíràn tí fáírọ́ọ̀sì H5N1 ń fà, èyí tó lè ran ènìyàn. Oko kan ní Jaji, ní Ìpínlẹ̀ Kaduna, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí H5N1 ní ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù Kejì ọdún 2006, kí ó tó dé Niger, Burkina Faso, Ghana, Togo àti Benin.

Ajá gẹ́gẹ́ bí etí kejì

Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe sọ, ó lé ní ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́rin tó ti kọjá ẹni ọdún 60 tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní gbọ́ kànkùn, kò ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru, kò sì ní gbọ́ bí ejò ṣe ń fà nínú ewé gbígbẹ. Ajá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àgbà tó bá mọ ajá rẹ̀ a sì mọ gbígbó tó wà fún àlejò, èyí tó wà fún ajá ẹlòmíràn àti èyí tó wà fún ohun tó léwu.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Àwọn Tuareg ní ìyàngbẹ ilẹ̀ Mali àti Niger ní irú ajá kan tó ga, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí a mọ̀ sí Azawakh, tó ń ṣọ́ àgọ́ àti ẹran ọ̀sìn wọn. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ní ẹkùn náà kì í jẹ́ kí ajá wọ yàrá, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn náà fi àyè gba ajá tó ń ṣọ́ ẹran, tó ń ṣọ́ oko tàbí tó ń bá ọdẹ lọ. Nínú ìlànà Maliki, èyí tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀ lé, wọn kò ka ajá tó wà láàyè sí ohun àìmọ́.

Ní ti ìdánìkanwà, èsì ìwádìí lórí bóyá ẹran ilé ń wo ó sàn kò tíì fẹnu kò síbì kan. Ohun tó hàn gbangba ni pé ajá ń fún ọjọ́ ní ètò. Ebi rẹ̀ ní àkókò, ìrìn rẹ̀ ní àkókò, ẹni tó bá sì ń bá ajá rìn dé ìkóríta lójoojúmọ́ á bá aládùúgbò pàdé, wọn á sì béèrè ara ara wọn. Lọ́jọ́ tí àgbà náà kò bá jáde, ẹnì kan á ṣàkíyèsí.

Kí ni dìgbòlugi, kí sì nìdí tí ó fi kan ilé àgbà?

WHO fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bíi 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún, àti pé Áfíríkà àti Éṣíà ni ó ti ń pa márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ajá ló ń kó o ran ènìyàn nínú ohun tó tó mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún àwọn tí ajá tí wọ́n fura sí ń gé jẹ ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí ló gbé e wọ ilé àgbà. Ilé ìyá àgbà àti bàbá àgbà ni ọmọ ọmọ ti ń lo ìsinmi. Ọmọ tó dé láti ìlú ńlá kò mọ ìwà ajá náà, ajá náà kò sì mọ̀ ọ́n. Ọmọ á lọ fọwọ́ kan an níbi tó ti ń jẹun, tàbí kí ó gbé ọmọ rẹ̀. Ajá á bù ú jẹ díẹ̀, ọmọ á dákẹ́ nítorí ìbáwí, ọgbẹ́ kékeré á jiná, gbogbo ènìyàn á sì gbàgbé.

Kòkòrò náà kò gbàgbé. Láti ojú ọgbẹ́ ni ó ti ń gba ojú iṣan lọ sí ọpọlọ. Oṣù méjì sí mẹ́ta ló sábà máa ń gbà kí àmì rẹ̀ tó yọ, ó sì lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kí ó pẹ́ tó ọdún kan. Ibà á bẹ̀rẹ̀, ojú ọgbẹ́ tó ti jiná á máa ta, ẹni náà á máa bẹ̀rù omi. Bí ó bá ti dé ìpele yìí, kò sí ìtọ́jú tó ń gbà á sílẹ̀.

Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, ohun tó yẹ ní ṣíṣe nìyí:

- Kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà bí kò bá ju ìhára èékánná lọ.
- Kí wọ́n má ṣe fi ata, oje ewé tàbí ohun mìíràn tó ń ta ra á.
- Kí wọ́n lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Abẹ́rẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ, ó sì ní ọjọ́ tí wọ́n ń gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a dúró lágbedeméjì láìjẹ́ pé dókítà ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.
- Bí ajá náà bá ní olówó, kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀, kí oníṣègùn ẹranko sì máa wò ó fún ọjọ́ 10. Wọn kò gbọ́dọ̀ tìtorí pé wọ́n ń wò ó dá abẹ́rẹ́ ọmọ náà dúró.

Orísun rẹ̀ ni ó sàn jù láti dí. Abẹ́rẹ́ ajá kan lọ́dún, bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọmọ oṣù mẹ́ta, kò tó ìdá díẹ̀ nínú ohun tí àjẹsára ènìyàn kan ṣoṣo ń náni lẹ́yìn ìgéjẹ. WHO ní bí àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ajá àdúgbò bá ti gbà á, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà tàn kálẹ̀ mọ́. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni àyájọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007, ní àwọn ibì kan sì rèé, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ ní àsìkò náà.

Ewu tó wà fún àgbà fúnra rẹ̀

Yàtọ̀ sí àrùn, ìṣubú ló yẹ kí àgbà bẹ̀rù jù. WHO ní nǹkan bíi 684,000 ènìyàn ni ìṣubú ń pa lágbàáyé lọ́dún, àwọn tó ti kọjá ẹni ọdún 60 ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà nínú òkùnkùn, òròmọdìẹ tó sá gba abẹ́ ẹsẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ lórí símẹ́ǹtì tó tutù, gbogbo rẹ̀ ló lè ṣẹ́ egungun ìbàdí.

Kò nira láti dín in kù. Kí ajá ní ibùsùn tirẹ̀ tí kò dí ọ̀nà. Kí àgò adìẹ ga dé ìbàdí, kí àgbà má baà máa bẹ̀rẹ̀ kó ẹyin. Kí wọ́n máa bu oúnjẹ adìẹ sínú ike kékeré dípò kí wọ́n máa gbé odindi àpò. Kí tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́bàá ibùsùn. Bí ajá bá lágbára ju ẹni tó ń fà á lọ, ọmọ ọmọ ni kó máa mú un jáde, kí àgbà má sì ṣe we okùn rẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Ìmọ́tótó tún ṣe kókó, torí pé ara àwọn tó ti kọjá ẹni ọdún 65 kì í sábà lè bá àrùn inú, irú èyí tí bakitéríà Salmonella nínú ìgbẹ́ adìẹ ń fà, jà bíi ti ọ̀dọ́. Ọṣẹ àti omi lẹ́yìn ìfọwọ́kan adìẹ tàbí ẹyin, ẹyin tó jinná dáadáa, àti aṣọ tí wọ́n fi bo imú nígbà tí wọ́n bá ń gbá inú àgò, ti tó láti dènà púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá da eérú tútù sí igun kan, adìẹ á máa yí ara nínú rẹ̀, iná adìẹ á sì dín kù. Eégbọn àti aràn inú ni kí wọ́n máa tọ́jú lára ajá.

Báwo ni ajá àti adìẹ ṣe ń gbé agbolé kan?

Ọmọ ajá tó bá bá adìẹ nílé sábà máa ń kà á mọ́ ará ilé. Ajá tó ti dàgbà kó tó rí adìẹ ni ìṣòro. Kí wọ́n so irú rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ níbi tí yóò ti máa rí wọn lójoojúmọ́, kí wọ́n sì bá a wí ní gbàrà tó bá ta kìjí, kí ó tó di pé ó sáré.

Ebi ló ń kọ́ ọ̀pọ̀ ajá ní olè ẹyin. Ajá tó yó, ní agbolé tí wọ́n ti ń kó ẹyin láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kò ní mọ adùn rẹ̀. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n tán, ó le láti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ní ìdàkejì, ajá tó bá mọwọ́ adìẹ ni àgò rẹ̀ ń sùn tọkàntọkàn, torí pé ológbò igbó àti olè adìẹ kì í fẹ́ ibi tí ajá wà.

Ta ni yóò máa bọ́ wọn?

Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé kì í fẹ́ béèrè, nítorí pé ó jọ ẹni tó ń retí ibi. Àmọ́ àgbà lè wọ ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó lè lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó bímọ ní ìlú mìíràn. Adìẹ tí kò rí ẹni kó o wọlé, ẹran àṣá ni. Ajá tí kò rí ẹni bọ́ ọ á jáde sígboro, á wá darapọ̀ mọ́ àwọn tí dìgbòlugi ń gba àárín wọn tàn.

Ó yẹ kí ẹnì kan wà ládùúgbò tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àgò wà, tó mọ ohun tí ajá ń jẹ, tí ajá náà sì mọ̀ ọ́n. Ó sì yẹ kí iye ẹran máa bá agbára dín kù. Àgbébọ̀ mẹ́ta tí wọ́n tọ́jú dáadáa sàn ju ogún tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kò nílò ọmọ ajá tó ń fò kiri. Ajá tó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, ló bá a mu.

Àwọn ọmọ tó wà lókèèrè náà ní ipa tiwọn. Bí wọ́n bá ń fowó ránṣẹ́ fún ọdún, kí wọ́n yọ owó àjẹsára sọ́tọ̀ kí owó ẹran ọdún tó kàn. Kí wọ́n sì béèrè, lórí fóònù, bí wọ́n ṣe ń béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ètò rẹ̀ fún ọdún kan kò ju ìlà mẹ́rin lọ, ó sì ṣe é kọ sára kàlẹ́ńdà ògiri. Oṣù Kẹsàn-án, abẹ́rẹ́ ajá. Oṣù Kẹwàá, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ̀kán oògùn sójú adìẹ. Oṣù Kejì, ẹ̀kán kejì. Oṣù Kẹfà, ẹ̀kán kẹta. Adìẹ tuntun tí wọ́n bá rà lọ́jà láàárín ìgbà yìí, kí ó dá wà nínú àgò tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó bá àwọn yòókù jẹun pọ̀.